Òkè Nìkan Kò Lè Dá Ìlú Sí

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí àwọn ìlú àtijọ́ tí a tẹ̀ dó sórí òkè ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí ìtẹ́ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ. Perugia wà lára wọn, Todi àti Cortona wà lára wọn. Assisi, ìlú Fransisi Mímọ́, wà lára wọn pẹ̀lú, níbi tí ilé òrìṣà Minerva tí a kọ́ kí a tó bí Olúwa wa ti di ilé ìjọsìn ní orúkọ Màríà Wúndíá, tí òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà níwájú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ títí di òní olónìí.

Ẹni tí ó bá dúró ní àfonífojì tí ó ń wo irú ìlú bẹ́ẹ̀ lókè réré, tí ó rí ògiri rẹ̀ àti ilé ìṣọ́ rẹ̀, yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òkè ni ó dá a sí. Yóò ní ọ̀tá kò lè gun ibẹ̀, nítorí náà ni ìlú náà kò ṣe parun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò tì í lẹ́yìn. Ìlú kan ṣoṣo ni n ó mú ṣe àpẹẹrẹ fún yín kí ọ̀rọ̀ wa má baà gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Orvieto ni orúkọ rẹ̀.

Orvieto wà ní ìhà àríwá Róòmù, ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí ibẹ̀, ní agbègbè tí a ń pè ní Umbria. Àpáta tí ó jókòó lé tẹ́ pẹrẹsẹ lókè bí orí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká sì dúró ṣánṣán bí ògiri tí bíríkìlà fi okùn wọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ibi, gíga rẹ̀ tó 50 mítà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ fún wa pé ní nǹkan bí 300,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn òkè tí ń yọ iná ní agbègbè adágún Bolsena tú eérú àti òkúta gbígbóná jáde, eérú náà tutù, ó sì dì di àpáta. Àpáta náà kò le bí akọ òkúta ti ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní irin lọ́wọ́ lè gbẹ́ ẹ láìṣe wàhálà púpọ̀. Abẹ́ àpáta yìí ni amọ̀ wà, amọ̀ tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nígbà láéláé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi amọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí a tó parí.

Àwọn tí ó sọ orí àpáta yìí di ìlú ńlá ni àwọn Etruscan, ẹ̀yà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Ítálì kí Róòmù tó di nǹkan. Velzna ni wọ́n ń pe ìlú náà. Àwọn ará Róòmù ń pè é ní Volsinii. Ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kristi, ó ti di ìlú tí ó kún fún oníṣòwò, amọ̀kòkò àti àwọn agbẹ́gilére. Òkè fún wọn ní ààbò, ṣùgbọ́n òkè kò fún wọn ní omi. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ kànga sínú àpáta náà, kànga tóóró tí ó kàn fẹ̀ tó bí ènìyàn kan ṣe lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ gòkè. Àwọn ìran tí ó tẹ̀lé wọn kò dáwọ́ gbígbẹ́ dúró. Lónìí, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí a mọ̀ ní Orvieto tó 1,200. Ibi tí a ti ń fún òróró ólífì wà níbẹ̀. Ibi tí a ń tọ́jú wáìnì pa mọ́ sí wà níbẹ̀. Ilé ẹyẹlé pẹ̀lú wà níbẹ̀, tí a gbẹ́ ihò kéékèèké sí ara ògiri rẹ̀, tí ojú fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àfonífojì. Bí ogun bá dó ti ìlú, ẹyẹlé yóò fò jáde lọ jẹun ní oko ọ̀tá, yóò sì padà wá sílé di oúnjẹ fún onílé. Ọgbọ́n àgbà ni.

Ní ẹsẹ̀ àpáta náà ni wọ́n gbé kọ́ ilé fún àwọn òkú wọn, ní ibi tí a ń pè ní Crocifisso del Tufo. Wọ́n to àwọn ibojì náà ní ìlà-ìlà bí òpópónà ìlú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì fín orúkọ ẹni tí ó ni ín sí òkè ẹnu ọ̀nà. Ibojì fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú àkọlé náà, tí ó ń wí pé ti lágbájá ni òun í ṣe. Láàrin àwọn orúkọ wọ̀nyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí èyí tí ó fi hàn pé inú ẹ̀yà Kelt ni ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá, láti ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, ibojì àlejò wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ibojì onílẹ̀. A lè ka álífábẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti mú un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìtumọ̀ èdè náà ti sọnù, nítorí ìran kan dìde tí kò fi kọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, báwo ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe wá ṣubú? Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé ìjà abẹ́lé ni. Wọ́n ní àwọn ọlọ́lá ìlú fẹ́ràn ìgbádùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ ogun àti ìṣàkóso ìlú lé àwọn ẹrú wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹrú gba òmìnira, wọ́n gba ipò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ àwọn olówó wọn àná. Bí ó ti le tó fún àwọn ọlọ́lá náà, wọn kò jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn láti tún nǹkan ṣe. Wọ́n ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí Róòmù pé kí ó wá gbà wọ́n. Róòmù wá lóòótọ́. Ó dó ti ìlú náà títí ebi fi mú un, ní ọdún 264 ṣáájú ìbí Kristi, Volsinii sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gágun Marcus Fulvius Flaccus. Wọ́n wó ìlú náà palẹ̀, wọ́n sì kó àwọn tí ó kù nínú wọn lọ tẹ̀ dó sí ẹ̀bá adágún Bolsena. Òǹkọ̀wé àtijọ́ kan sọ pé ère 2,000 ni Róòmù kó lọ níbẹ̀. Bóyá iye náà pé tàbí kò pé, a ti hú òkúta kan ní Róòmù fúnra rẹ̀ tí orúkọ Fulvius Flaccus wà lára rẹ̀, tí ó ń ròyìn ìṣẹ́gun tí ó ní ní Volsinii.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àpáta náà kò yẹ̀ ní ọjọ́ tí Volsinii ṣubú. Gíga rẹ̀ kò dín ní ìka kan. Ohun tí àwọn àgbà wa wí ni ó ṣẹ mọ́ ìlú náà lára: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìlú orí òkè kọ́kọ́ là láti inú, kí ọ̀tá tó rí ọ̀nà gùn ún láti òde.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí agbára Róòmù ti ń rẹ̀yìn, tí àfonífojì kò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn tún padà sórí àpáta náà. Wọn kò mọ orúkọ tí àwọn tí ó ṣáájú ń pè é mọ́, nítorí náà wọ́n kàn ń pè é ní Ìlú Àtijọ́. Urbs Vetus ni èyí ní èdè Látìnì, ibẹ̀ ni orúkọ náà Orvieto sì ti jáde wá. Ní nǹkan bí ọdún 538 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Goth ni ó di ibẹ̀ mú, Belisarius, ọ̀gágun Ọba Justinian, sì dó tì wọ́n. Procopius, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé Belisarius, ṣe àpèjúwe àpáta náà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ṣòro láti fi agbára gbà. Àmọ́ Belisarius kò ṣe wàhálà gígun òkè. Ó fi ebi ṣe ohun ìjà. Procopius sọ pé àwọn tí ó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ tí wọ́n rẹ sínú omi kí ó lè rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí idà kò lè dé bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé inú ènìyàn kì í ṣe òkúta.

A ti rí ìjà, a sì ti rí ebi. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìgbà tí ìlú náà tún gbérí, ní àárín ọ̀rúndún kẹtàlá, nígbà tí ó di ibùgbé àwọn Póòpù.

Póòpù Urban kẹrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí a yàn ní ọdún 1261, kò gbé Róòmù rí ní gbogbo ìgbà tí ó fi jẹ́ Póòpù, nítorí rògbòdìyàn tí ó wà níbẹ̀. Viterbo àti Orvieto ni ó gbé. Ní àkókò yìí kan náà ni Tómásì Mímọ́ ará Aquino ń kọ́ àwọn arákùnrin ẹgbẹ́ Dominiki lẹ́kọ̀ọ́ ní Orvieto, láti 1261 títí di 1265. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé ní ọdún 1263, ní ìlú Bolsena tí kò jìnnà sí ibẹ̀, àlùfáà kan tí iyèméjì ń dà láàmú nípa Ara Olúwa rí ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ pẹpẹ nígbà tí ó ń rú ẹbọ Míísà, a sì gbé aṣọ náà tọ Póòpù lọ ní Orvieto. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1264, láti Orvieto, Póòpù Urban fi ìwé àṣẹ jáde pé kí gbogbo Ìjọ máa ṣe àjọ̀dún Ara Kristi. Ó yẹ kí a fi òtítọ́ kún un pé ìwé àṣẹ náà kò dárúkọ iṣẹ́ ìyanu Bolsena, àti pé kí ó tó di ìgbà náà ni a ti ń ṣe àjọ̀dún yìí ní Liège, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Belgium lónìí, nípa akitiyan Juliana Mímọ́. Urban fúnra rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ ní Liège kí ó tó di Póòpù. Àjọ̀dún tí gbogbo wa ń fi ìwọ́de ṣe ní ojú títì, tí àwọn ọmọdé ń da òdòdó sílẹ̀ níwájú Ara Olúwa, orí àpáta yìí ni àṣẹ rẹ̀ ti jáde.

Ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1290, Póòpù Nicholas kẹrin fi òkúta ìpìlẹ̀ Kàtídírà ìlú náà lélẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìbẹ̀rù dé pé ògiri lè wó, wọ́n sì pe Lorenzo Maitani láti Siena ní 1310 kí ó wá tì í lẹ́yìn. Òun ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1330. Iwájú Kàtídírà náà, pẹ̀lú àwọn ère tí a fín sí ara òkúta àti àwọn àwòrán tí a fi wẹ́wẹ́ gíláàsì aláràbarà tò, gba nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ó tó parí. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan yóò gbẹ́ òkúta títí yóò fi darúgbó, yóò sì kú láìrí òrùlé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yóò gba irinṣẹ́ náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Kì í ṣe pé ìlú náà tòrò ní gbogbo ìgbà yìí. Ìdílé Monaldeschi àti ìdílé Filippeschi ń bá ara wọn jà ní ìgboro títí wọ́n fi lé àwọn Filippeschi jáde ní 1313. Nígbà tí àwọn Monaldeschi kò rí ẹlòmíràn bá jà mọ́, wọ́n yíjú sí ara wọn. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sì tún dé, ó pa àwọn ènìyàn lọ bẹẹrẹ. Ní 1354, ìlú tí ó ti rẹ̀ náà tẹríba fún Kádínà Albornoz, aṣojú Póòpù. Àwọn tí ó jà kò ní nǹkan tí a lè tọ́ka sí mọ́ lónìí ju orúkọ lọ. Àwọn tí ń gbẹ́ òkúta ni iṣẹ́ wọn ṣì dúró.

Nínú ilé ìjọsìn Dominiki Mímọ́ ní ìlú náà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kádínà Guillaume de Braye kú ní Orvieto ní ọdún 1282, gbajúmọ̀ agbẹ́kùúta nì, Arnolfo di Cambio, sì ṣe ibojì fún un, ó gbé ère Màríà Wúndíá tí ó jókòó pẹ̀lú Ọmọ rẹ̀ sí òkè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn ènìyàn fi ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ń tún ibojì náà ṣe ní apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún, wọ́n rí i pé ère abo òrìṣà kan ti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni Arnolfo tún gbẹ́, tí ó sì fi ṣe Ìyá Olúwa. Kò fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó wò ó, ó rí ibi tí ó dára nínú rẹ̀, ó sì yí i sí ìhà Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbogbo ìlú náà ṣe rí: kànga àwọn Etruscan lábẹ́, òkúta Róòmù láàrin, ilé ìjọsìn lókè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ omi. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn ará ìlú ti la ojú omi láti orí àwọn òkè tí ó wà ní ọ̀ọ́kán wá sí ìgboro, ṣùgbọ́n omi tí ó ń ti òde wá ni omi tí ọ̀tá lè dí. Ní 1527, àwọn ọmọ ogun kó Róòmù, wọ́n sì há Póòpù Clement keje mọ́. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, ó sá jáde wá sí Orvieto. Bí ó ti rí ara rẹ̀ lórí àpáta tí ọ̀tá kò lè gùn, ohun tí ó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni òùngbẹ. Ó pe Antonio da Sangallo kí ó gbẹ́ kànga kan tí yóò tó ìlú lò bí ogun bá dó tì í.

Kànga náà ni a ń pè ní Kànga Patiriki Mímọ́. A parí rẹ̀ ní 1537, lẹ́yìn tí Póòpù Clement ti kú. Jíjìn rẹ̀ lé ní 50 mítà, ìbú rẹ̀ sì tó 13 mítà. Àtẹ̀gùn méjì ni ó yí inú rẹ̀ ká, ọ̀kan lórí èkejì, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣísẹ̀ 248. Ìbaaka tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi yóò gba ọ̀nà kan, yóò kọjá lórí afárá kékeré ní ìsàlẹ̀, yóò sì gba ọ̀nà kejì gòkè, láìpàdé èyí tí ń bọ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fèrèsé ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ òkè wọ inú rẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ara rẹ̀ ní èdè Látìnì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìṣẹ̀dá fi du odi náà, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ti fi kún un. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Nísinsìnyí a dé orí amọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní àwọn ọdún 1970, àpáta Orvieto bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Òkúta ńláńlá ń já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn tí ilé wọn wà ní bèbè. Ojú ọjọ́ wà lára ohun tí ó fà á, ihò abẹ́ ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí ń jò láti inú páìpù àti ojú ìdọ̀tí tí ó ti gbó lábẹ́ ìgboro wà lára ohun tí ó burú jù. Omi náà ń kán sínú àpáta, ó sì ń rẹ amọ̀ ìsàlẹ̀. Ìlú tí Róòmù àti ebi kò lè pa run títí láé, omi ẹ̀gbin ilé ni ó ń wọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo.

Ìjọba Ítálì ṣe òfin ní 1978 láti gba àpáta Orvieto àti òkè Todi là, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 1987. Wọ́n fi ọ̀pá irin gígùn rán àpáta náà pọ̀ bí ẹni rán igbá tí ó fọ́. Wọ́n pààrọ̀ páìpù omi àti ti ìdọ̀tí, wọ́n la ojú àgbàrá, wọ́n sì tì àwọn ihò tí ó léwu lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí kò ní ògo ni. Ẹnikẹ́ni kì í rin ìrìn àjò lọ wo ojú ìdọ̀tí. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ náà, Kàtídírà tí gbogbo ayé ń wò ì bá máa tẹ̀lé amọ̀ lọ. Ní 1990, ọkọ̀ ojú irin tí okùn ń fà gun òkè náà, tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1888, tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní 2019, àwọn ère Àpọ́sítélì tí wọ́n ti gbé jáde kúrò nínú Kàtídírà láti 1897 padà sí àyè wọn. Iṣẹ́ àbójútó kò tíì dáwọ́ dúró.

Kí ẹ má baà rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú kan tí kò jìnnà sí Orvieto. Civita di Bagnoregio ni. Àwọn Etruscan ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, orí irú àpáta kan náà ni ó wà, irú amọ̀ kan náà ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni Bagnoregio, ìlú tí a ti bí Bonaventura Mímọ́, ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ Tómásì ará Aquino. Ní 1695, ìsẹ̀lẹ̀ mì í, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kúrò níbẹ̀, omi sì ń bá amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ lọ. Ibi tí àwọn ènìyàn sọ pé ilé Bonaventura wà ti ya lọ sínú ọ̀gbun. Lónìí, afárá tóóró kan ṣoṣo tí a ṣe ní 1965 ni a fi ń dé ibẹ̀. Àwọn àlejò pọ̀ débi pé láti 2013 ni wọ́n ti ń san owó kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn tí ń sùn níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní ìlú tí ń kú lọ. Àwọn tí ó wá wò ó pọ̀, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí ni gbogbo èyí kàn wá sí? Olúwa wa fi ìlú orí òkè ṣe àkàwé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n pé a rí ìlú kan láti òkèèrè kò wí pé inú rẹ̀ dára. Ohun tí a jogún, ìbáà ṣe ilé bàbá wa, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà fi owó kòbò kòbò kọ́, ìbáà ṣe èdè wa, kò lè fi gíga rẹ̀ àtijọ́ dá ara rẹ̀ sí.

Ìjà ni ó kọ́kọ́ la Volsinii, nígbà tí ọmọ ilé ránṣẹ́ pe ará òde wá bá òun dá ẹjọ́ ilé. Mélòó nínú àwọn ìdílé wa ni ó ti fi ogún bàbá ná owó ẹjọ́, tí ilé tí wọ́n ń jà lé lórí sì wó mọ́ wọn lójú? Àìpèsè ni ó mú ebi wọ Ìlú Àtijọ́. Kànga ni a ń gbẹ́ ní ọjọ́ àlàáfíà, nítorí ọjọ́ ogun kì í fún ènìyàn ní àyè gbígbẹ́. Jíjò ni ó fẹ́ wó àpáta náà ní ayé tiwa yìí. Ẹni tí ó ní òun yóò máa tún òrùlé ṣe nígbà tí ó bá di ńlá, ó ti jẹ́ kí igi àjà jẹrà ná. Èdè kì í kú ní ọjọ́ kan. Ó ń kán lọ bí omi nígbàkúùgbà tí òbí bá dákẹ́ tí kò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi tí ikán ń jẹ nínú àpótí, àgbà tí ó mọ ìtàn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè, ọ̀nà àgbàrá tí a fi ilẹ̀ dí lẹ́yìn ilé: irú páìpù tí ń jò ni gbogbo wọn.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù wa wá ibi kan tí ó ń jò nínú ohun tí a fi lé e lọ́wọ́, kí ó sì tún ibẹ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe dúró de owó ńlá, ẹ má sì dúró de ìjọba. Ẹ mú ọmọ kan mọ́ra kí ó máa wo bí ẹ ti ń ṣe é, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó jẹ́ àpáta wa, kí ó fún wa ní ọwọ́ tí ń tún nǹkan ṣe àti ọkàn tí kò ń ṣàárẹ̀. Kí ó bùkún yín, Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.